Ìrọ̀lẹ́ Tí Bàbá Mi Túmọ̀ Èmi àti Màmá Mi

Nígbà tí mo wà ní kékeré, mo rò pé gbogbo bàbá ayé ló máa ń sọ ọ̀rọ̀ kan náà lẹ́ẹ̀mejì. Iṣẹ́ ògbufọ̀ ni bàbá mi ń ṣe ní kóòtù. Ẹni tí kò gbọ́ èdè ìjọba á sọ tẹnu ẹ̀, bàbá mi á gbé e fún adájọ́. Adájọ́ á fèsì, bàbá mi á tún gbé e padà fún onítọ̀hún. Iṣẹ́ ọ̀hún wọ̀ ọ́ lára débi pé nínú ilé pàápàá, tí màmá mi bá ní oúnjẹ ti délẹ̀, bàbá mi á yíjú sí èmi àti ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, á ní, "Ìyá yín ní kí ẹ wá jẹun," àfi bíi pé etí wa di.

Tí iléèwé bá parí, kóòtù ni mo máa ń gbà lọ. Bẹ́ǹṣì gígùn kan wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ibẹ̀, ìjókòó àwọn èèyàn ti jẹ́ kó máa dán bíi dígí. Orí ẹ̀ ni mo ti ń ṣe iṣẹ́ àmúrelé mi, láàárín àwọn tó ń dúró de ẹjọ́ wọn, nínú òórùn fáìlì àtijọ́ àti òógùn ìbẹ̀rù. Mo máa ń gbọ́ bàbá mi láti ojú fèrèsé. Ẹni tó ń túmọ̀ fún lè máa bínú, ó lè máa sunkún, ohùn bàbá mi kì í ga, kì í sì í gbọ̀n. Títí dòní, tí mo bá gbóòórùn bébà tó ti pẹ́, ohùn yẹn ló máa ń sọ sí mi lọ́kàn.

Lọ́dún tí mo fẹ́ wọ girama, ibà dá bàbá mi dúbúlẹ̀. Kò lọ síbi iṣẹ́, ṣùgbọ́n èmi ṣì lọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì mi. Wọ́n mú obìnrin kan wá pé ó jí aṣọ ọ̀gá ẹ̀, kò sì sí ẹni tó máa túmọ̀ fún un. Gbogbo ohun tí wọ́n bi í ló ń mi orí sí. Ìbọ̀wọ̀ fún àwọn àgbà ni obìnrin náà ń fi orí mímì yẹn ṣe. Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó jẹ́wọ́.

Mo sáré délé, mo ròyìn fún bàbá mi lórí ibùsùn. Ó gbọ́ tán, ó ká aṣọ ìbora kúrò lára. "Ẹ bá mi mú ṣòkòtò mi," ó ní. Màmá mi pariwo títí, bàbá mi ti jáde. Ó lọ bẹ adájọ́, wọ́n tún ẹjọ́ náà gbọ́, obìnrin náà sì padà sílé ẹ̀ láìjẹ̀bi. Ìgbà yẹn ni mo ti ń sọ pé òfin ni màá kọ́. Màmá mi ní kò ya àwọn lẹ́nu, ṣebí Aláròyé ni àwọn ti ń pè mí kí n tó mọ ìrìn.

Télọ̀ ni màmá mi. Yàrá àkọ́kọ́ nílé wa, ìdajì ẹ̀ pálọ̀, ìdajì ẹ̀ ṣọ́ọ̀bù: máṣíìnì ìránṣọ létí fèrèsé, yunifọ́ọ̀mù àwọn ọmọ iléèwé lórí ìkọ́, àjákù òwú káàkiri ilẹ̀. Nígbà tí èsì ìdánwò àṣejáde mi dé tó sì dáa, ẹ̀gbọ́n màmá mi, Àǹtí tó ń gbé òkè òkun, pè wá pé kí n wá kọ́ òfin nílùú àwọn, pé yàrá kan ṣófo nílé àwọn. Iléèwé ibẹ̀ lórúkọ, èdè tí wọ́n fi kọ́ wa níléèwé náà ni wọ́n sì ń sọ. Mo kọ̀wé síbẹ̀. Lójú màmá mi, ọ̀rọ̀ ti bùṣe.

A ṣì ń retí èsì nígbà tí àwọn yunifásítì òkè òkun wá pàtẹ nínú gbọ̀ngàn òtẹ́ẹ̀lì kan. Èmi àti àwọn òbí mi la jọ lọ. Tábìlì kọ̀ọ̀kan ló ní àsíá àti báàgì ọ̀fẹ́. Màmá mi gba báàgì níbi gbogbo tí wọ́n dé, ìbéèrè kan náà ni wọ́n sì ń bi gbogbo aṣojú: "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé wọ́n máa ń jẹ́ kí ọmọ sùn dáadáa lọ́hùn-ún?"

Ẹsẹ̀ ń dun bàbá mi. Ó wá àga lọ sídìí tábìlì kan ní kọ̀rọ̀, tí ẹnikẹ́ni ò yà sí. Ọ̀jọ̀gbọ́n obìnrin kan tí orí ẹ̀ ti funfun ló wà níbẹ̀, kò ní báàgì, kò ní bírò tí yóò fi tọrẹ. Ìlú kékeré etí òkun ni iléèwé tiwọn wà. Wọ́n á san gbogbo ìnáwó ẹni tí wọ́n bá mú, àmọ́ èdè tí mi ò gbọ́ rí ni wọ́n fi ń kọ́ni, onítọ̀hún á kọ́kọ́ fi ọdún kan kọ́ ọ.

Àwọn tó kù ń bi mí ní máàkì mi. Obìnrin yìí ní, "Kí ló mú ẹ fẹ́ kọ́ òfin?"

Mo sọ fún un nípa orí mímì yẹn. Ó bọ́ awò ojú ẹ̀. "Ohun tí mò ń kọ́ àwọn ọmọ nìyẹn," ó ní. "Ẹ̀tọ́ ẹni tí kò gbọ́ èdè kóòtù."

Mo wo bàbá mi. Ilẹ̀ ló ń wò, ṣùgbọ́n mo mọ ìgbà tó bá ń tẹ́tí.

Mo kọ̀wé sí iléèwé tiẹ̀ náà, iléèwé méjèèjì ló sì gbà mí. Ìjà bẹ̀rẹ̀. Mo ní ọ̀dọ̀ ọ̀jọ̀gbọ́n ni mò ń lọ, màmá mi ní ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n àwọn ni. Kò pẹ́ tí a ò fi bá ara wa sọ̀rọ̀ mọ́. Máṣíìnì màmá mi nìkan ló ń dá mi lóhùn. Tí mo bá kí wọn, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ kíkankíkan.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, bàbá mi ti ibi iṣẹ́ dé, ó bá wa bẹ́ẹ̀. Kò bọ́ ẹ̀wù kóòtù tó wọ̀ lọ síbi iṣẹ́. Ó fa àga kan sí àárín pálọ̀, ó jókòó.

"Ẹ̀yin méjèèjì ò gbọ́ èdè ara yín," ó ní. "Iṣẹ́ mi sì nìyẹn. Kí ẹnikẹ́ni má bá ẹnì kejì sọ̀rọ̀ tààrà. Èmi ni kí ẹ bá sọ̀rọ̀."

Ẹ̀gbọ́n mi tó jókòó sílẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Bàbá mi wò ó. "Ẹ dákẹ́ nínú kóòtù."

Màmá mi fa téèpù ìwọnṣọ kúrò lọ́rùn. "Ẹ bá mi sọ fún un pé mi ò bímọ kí n lọ sọ ọ́ nù síbi tí ẹnì kankan ò ti mọ ilé bàbá ẹ̀."

Bàbá mi yíjú sí mi. "Ìyá ẹ ní tí ara ẹ bá gbóná lọ́hùn-ún, òun ò mọ ẹni tó máa fọwọ́ kan ẹ níwájú orí."

Màmá mi yanu pé àwọn ò sọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n pa á dé.

"Ẹ sọ fún wọn pé èmi kì í ṣe ọmọdé mọ́," mo ní. "Tí mo bá lọ sọ́dọ̀ Àǹtí, ṣe ni wọ́n á máa ṣọ́ mi wọlé ṣọ́ mi jáde."

Bàbá mi yíjú padà sí màmá mi. "Ọmọ ẹ ní ẹ̀rù ń ba òun gan-an. Ó ní tó o bá ní kóun má lọ, òun ò ní lọ. Ṣùgbọ́n ibẹ̀ lọkàn òun wà."

Mo bú sẹ́kún, nítorí òótọ́ ni, mi ò sì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Màmá mi dìde, wọ́n gba ẹ̀gbẹ́ bàbá mi kọjá, wọ́n wá fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan iwájú orí mi bíi pé ibà ti ń ṣe mí.

"Bàbá, ẹ fi kún un," ẹ̀gbọ́n mi ní. "Ẹ máa ń sọ pé ògbufọ̀ kì í fi kún ọ̀rọ̀."

"Ilé kì í ṣe kóòtù," bàbá mi ní, ó wá lọ bọ́ kóòtù ẹ̀.

Màmá mi rán ẹ̀wù òtútù kan fún mi, ó nípọn débi pé apá mi ò fẹ́ẹ̀ ká nínú ẹ̀. Mo lọ.

Ọdún àkọ́kọ́ yẹn le. Yàrá mi kọjú sí òkun, afẹ́fẹ́ máa ń fi ilẹ̀kùn gbá ògiri. Nínú kíláàsì, gbogbo ohun tí olùkọ́ èdè bá sọ, màá mi orí. Nígbà tí mo fura sí ohun tí mò ń ṣe, mo pe bàbá mi, mo ń sunkún.

"Ìyá mi, má mi orí mọ́," ó ní. "Sọ fún wọn pé o ò gbọ́. Kò sí ìtìjú níbẹ̀."

Lọ́jọ́ kejì, mo nawọ́ sókè, mo ní mi ò gbọ́. Gbólóhùn àkọ́kọ́ tó yọrí dáadáa lẹ́nu mi ní èdè wọn nìyẹn.

Nígbà tí mo parí ẹ̀kọ́ mi, ẹsẹ̀ ò jẹ́ kí bàbá mi lè rìnrìn àjò. Màmá mi ló wá. Wọ́n ní kí n mú àwọn lọ bá ọ̀jọ̀gbọ́n. Wọ́n di ọwọ́ obìnrin náà mú, wọ́n dúpẹ́, wọ́n gbàdúrà fún un, fún àwọn ọmọ ẹ̀, fún ilé tó ń gbé. Mo túmọ̀ ẹ̀ fún ọ̀jọ̀gbọ́n: "Màmá mi ní ẹ ṣé gan-an."

"Ṣé gbogbo ẹ̀ nìyẹn?" màmá mi bi mí. "Bàbá ẹ kì í gé ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀ báyìí o. Tún un sọ."

Mo tún un sọ, láti ìbẹ̀rẹ̀. Obìnrin méjèèjì sunkún, èmi náà sunkún láàárín wọn.

Òfin ibẹ̀ yàtọ̀ sí tiwa, nítorí náà nígbà tí mo délé, mo tún padà jókòó ṣe ìdánwò kí n tó lè dúró ní kóòtù. Àǹtí ò yé rán mi létí pé ká ní mo gbọ́ tàwọn ni, mi ò ní ṣe é lẹ́ẹ̀mejì. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Àwọn tí kò gbọ́ èdè kóòtù ni mò ń ṣojú fún jù. Bàbá mi wá wò mí ní kóòtù lẹ́ẹ̀kan, kó tó kú. Ó jókòó sẹ́yìn pátápátá. Nígbà tí a jáde sínú oòrùn, ó di ìgbọ̀nwọ́ mi mú, ó ní mo gbìyànjú.

Màmá mi ṣì wà nínú ilé yẹn. Ojú wọn ò ríran dáadáa mọ́, ṣùgbọ́n wọ́n ò fi máṣíìnì sílẹ̀. Tí mo bá lọ kí wọn, àwọn ọmọ àdúgbò máa ń wá bi mí pé iléèwé òkè òkun wo ni kí àwọn yàn. Mo máa ń ní kí wọ́n wádìí bóyá ìwé ẹ̀rí ibẹ̀ á jẹ́ kí wọ́n lè ṣiṣẹ́ nílé, kí wọ́n mọ irú ẹni tó máa kọ́ wọn, kí wọ́n béèrè bí òtútù ṣe rí. Wọ́n á dúpẹ́, wọ́n á lọ. Màmá mi á wá ní Aláròyé ti tún sọ̀rọ̀ jù, kí n wá bá àwọn fi òwú sójú abẹ́rẹ́.