Ẹni Tó Ń Kí Màmá Káàárọ̀

“Ẹ̀gbọ́n mi, ọjọ́ wo la wà lónìí?”

Màmá Ọ̀ṣuntóyìn ò kọ́kọ́ gbójú sókè. Agbọ̀n obì gbànja mẹ́ta ló wà níwájú rẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó ń tú ewé tó fi bò wọ́n, ó ń yẹ obì wò lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan, ó sì ń ṣa èyí tí kòkòrò ti dé sí ẹ̀gbẹ́ kan. Láti ọdún márùndínlógójì sẹ́yìn ló ti ń tà á ní ọjà Ìlá, kò sì sí ẹni tó lè tan án jẹ nídìí obì.

“Ọjọ́bọ̀ ni,” ó dáhùn. “Ṣé kò sí kàlẹ́ńdà l'Ọ́tan mọ́ ni?”

Ògúnníyì, àbúrò rẹ̀, fẹ́ rẹ́rìn-ín, kò rín in tán. Akọ̀wé káńsù tó ti fẹ̀yìn tì ní Ọ̀tan Ayégbajú ni. Bó ṣe di bébà kan mú lọ́wọ́ jọ bí ìgbà tó fẹ́ gbowó orí.

“Ẹ jọ̀ọ́, tí a bá yọ méje kúrò nínú ọgọ́rùn-ún, mélòó ló kù?”

“Kí ló gbé méje lọ?”

“Kò sí nǹkan tó gbé e lọ, ẹ̀gbọ́n mi. Ìbéèrè lásán ni.”

“Mẹ́tàléláàádọ́rùn-ún. Yọ méje sí i, mẹ́rìndínláàádọ́rùn-ún. Yọ méje sí i, mọ́kàndínlọ́gọ́rin. Ṣé kí n máa bá a lọ ni, àbí wàá sọ ohun tó gbé ẹ wá? Ọkọ̀ ta ló sì ń dún lẹ́nu ọ̀nà mi láti àárọ̀ yìí?”

Ògúnníyì ká bébà náà, ó fi í sápò. “Ọkọ̀ tí mo háyà ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká jọ lọ s'Ọ́tan. Ẹ máa wá máa gbé lọ́dọ̀ mi. Ọpẹ́yẹmí ló ní kí n wá mú yín.”

Ọwọ́ Màmá dúró lórí obì.

Ọpẹ́yẹmí ni ọmọ kan ṣoṣo tó bí. Ìlú Mánṣẹ́sítà lókè òkun ni òun àti Oyèṣọlá, ìyàwó rẹ̀, ń gbé. Nígbà tí Oyèṣọlá bímọ, wọ́n ní kí Màmá wá bá àwọn tọ́jú ọmọ. Oṣù mẹ́fà ni ìwé ìrìnnà rẹ̀ gbà á láyè, àmọ́ nígbà tó di oṣù kẹrin, wọ́n dédé ra tíkẹ́ẹ̀tì, wọ́n ní kó lọ sinmi nílé. Wọn ò sọ pé ó ṣẹ àwọn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta rèé tó ti padà sí Ìlá, kò sì sí ọjọ́ kan tí kò bi ara rẹ̀ pé kí lòun ṣe.

Àbí nítorí tẹlifíṣọ̀n ni? Òótọ́ ni pé ó wo tẹlifíṣọ̀n lọ́hùn-ún. Kí ni ì bá tún ṣe? Òtútù ò jẹ́ kó jáde, ọmọ ń sùn, ilé dákẹ́ rọ́rọ́. Ìwé mẹ́fà ló kà, èyí tí kò bá sì yé e nínú òyìnbó tí wọ́n ń sọ, á fi ojú gbọ́ ọ. Ó rí tọkọtaya tí wọ́n mú lọ wo ilé mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, tí wọ́n yin gbogbo rẹ̀, tí wọn ò ra ọ̀kankan. Ó rí àgbà ọkùnrin tó ń sunkún nítorí pé kéèkì tó ṣe kò wú. Màmá rẹ́rìn-ín títí ọmọ fi jí.

“Kí ni mo ṣe fún Ọpẹ́yẹmí tó fi ní kí wọ́n wá kó mi kúrò nílé mi?” ó bi àbúrò rẹ̀.

Ògúnníyì yọ fóònù, ó tẹ nǹkan lórí rẹ̀, ó sì gbé e sí i lọ́wọ́.

“Kámẹ́rà tí wọ́n fi ń ṣọ́ ọmọ ní pálọ̀ ló ká a,” ó ní.

Màmá rí ara rẹ̀. Ó pọn ọmọ, ó wọ suwẹ́tà ńlá tí Oyèṣọlá rà fún un. Níwájú rẹ̀, lórí tẹlifíṣọ̀n, ọkùnrin òyìnbó kan tó de táì pupa kí gbogbo ayé káàárọ̀ pẹ̀lú ẹ̀rín. Màmá tinú fóònù náà tẹ orí ba, ó sì dá a lóhùn ketekete: “Káàárọ̀, Àkànbí. Àkànbí ọkọ mi, ṣé dáadáa lo jí?”

Àkànbí ni oríkì Ọpẹ́yẹmí. Màmá fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ ìkómọ.

“Ó lé lógún ìgbà tí kámẹ́rà ká yín,” Ògúnníyì sọ jẹ́jẹ́. “Ẹ ń pe òyìnbó inú tẹlifíṣọ̀n ní ọmọ yín. Ẹ̀rù bà wọ́n. Wọ́n ní báyẹn ni àrùn ìgbàgbé ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀, pé ẹ ò gbọdọ̀ dá gbé mọ́, ẹ ò gbọdọ̀ dá dáná. Àwọn ló fi ìbéèrè inú bébà yẹn ránṣẹ́ kí n fi dán yín wò. Wọ́n ní kí n ti ilé, kí n sì wá ẹni tó máa bá yín gba obì yìí.”

Ó dun Màmá. Kì í ṣe ti ilé, kì í ṣe ti obì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé obì yẹn á bàjẹ́ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì tí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n tọ́jú bá gbà á. Ohun tó dùn ún ni pé ọmọ rẹ̀ rí i lẹ́ẹ̀kan, ó rí i lẹ́ẹ̀kejì, ó rí i ju ogún ìgbà lọ, kò sì bi í léèrè.

“Ògúnníyì, nígbà tí bàbá wa wà láyé, tó o bá dọ̀bálẹ̀ kí wọn láàárọ̀, kí ni wọ́n máa ń dá ẹ lóhùn?”

“Àlàó ni wọ́n máa ń pè mí. Wọ́n á pè é títí màá fi dìde.”

“Lọ́jọ́ tí wọn ò bá pè é ńkọ́?”

“Màá ti mọ̀ pé mo ti ṣẹ̀ wọ́n nìyẹn.”

“O ṣeun. Oríkì la fi ń dáhùn ìkíni ọmọ. Oṣù mẹ́rin ni mo fi gbé nílé ọmọ mi. Aago márùn-ún ló ń jáde. Ìyàwó ẹ̀ ń jáde ní mẹ́fà. Tí wọ́n bá dé nírọ̀lẹ́, ó ti rẹ̀ wọ́n, ‘Mọ́mì, ṣé ẹ ti jẹun?’ ni wọ́n á bi mí, wọ́n á wọlé lọ. Wọn ò fìyà jẹ mí o, n kò ní parọ́ mọ́ wọn. Àmọ́ ọkùnrin oní-táì pupa yẹn, tó bá ti di aago mẹ́fà ààbọ̀, á wò mí lójú, á kí mi káàárọ̀. Òun nìkan ló ń kí mi nínú ilé yẹn.”

Ògúnníyì tún wo ọkùnrin oní-táì pupa náà lórí fóònù.

“Ṣé o rò pé mi ò mọ̀ pé inú dígí ló wà ni? Mo mọ̀ pé kò gbọ́ mi. Ṣùgbọ́n oríkì ọmọ mi ti fẹ́ kan sí mi lẹ́nu. Ẹni tó bá kí mi ni mo fi dá lóhùn. Pe Ọpẹ́yẹmí fún mi.”

Fóònù dún títí kí Ọpẹ́yẹmí tó gbé e. Ibi iṣẹ́ ló wà, ariwo ẹ̀rọ ń dún lẹ́yìn rẹ̀.

“Bọ̀ọ̀dá Ògúnníyì, ṣé ẹ ti dé Ọ̀tan?”

“Èmi ni,” Màmá ní. “Ọpẹ́yẹmí, nígbà tí mo wà lọ́dọ̀ yín, ẹ̀ẹ̀melòó lo kí mi káàárọ̀?”

Ariwo ẹ̀rọ jìnnà, Ọpẹ́yẹmí ti bọ́ síta.

“Mọ́mì, mi ò fẹ́ máa jí yín ni.”

“Aago mẹ́rin ni mo máa ń jí. Mo máa ń gbọ́ ọ bó o ṣe ń rọra ti ilẹ̀kùn.”

“Ẹ má bínú, mà,” Ọpẹ́yẹmí ní. “Ẹ má bínú, mọ́mì. Ẹ̀rù ló bà mí.”

“Mo gbọ́. Mi ò lọ s'Ọ́tan. Lọ ṣe iṣẹ́ rẹ.”

Ó dá fóònù padà fún àbúrò rẹ̀, ó sì tún fa agbọ̀n obì mọ́ra. Ògúnníyì jáde lọ bá awakọ̀. Kò pẹ́, ìró ọkọ̀ náà jìnnà lọ sápá ọjà. Nígbà tó wọlé padà, ó fa àpótí kan, ó jókòó, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bá Màmá ṣa obì.

“Èyí tó o jù nù yẹn dára,” Màmá ní. “Mú un padà. Ìwọ gan-an ló yẹ kí wọ́n bi ní ìbéèrè.”

Lọ́jọ́ kejì, ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ́, Màmá ń gbálẹ̀ ọ̀dẹ̀dẹ̀ nígbà tí fóònù rẹ̀ dún. Ọpẹ́yẹmí ló pè é ní fídíò, ó ti wọ aṣọ iṣẹ́. Ó gbé fóònù ti ògiri pálọ̀ rẹ̀, ó sún sẹ́yìn, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí kápẹ́ẹ̀tì níwájú tẹlifíṣọ̀n tí wọn ò tíì tàn.

“Ẹ káàárọ̀, mà.”

Màmá fi ìgbálẹ̀ lélẹ̀. Ó wo orí ọmọ rẹ̀ nílẹ̀, ó rí i pé ewú ti yọ díẹ̀ láàárín rẹ̀.

“Káàárọ̀, Àkànbí,” ó ní. “Àkànbí ọkọ mi. Ṣé dáadáa lo jí?”

Ọpẹ́yẹmí ò tètè dìde. “Dáadáa ni, mà. Ọkùnrin orí tẹlifíṣọ̀n yẹn ńkọ́?”

“Mo ti gba oríkì ẹ lọ́wọ́ ẹ̀,” Màmá ní. “Dìde, kó o má pẹ́ dé ibi iṣẹ́.”