Irùngbọ̀n Kyauta

Onígbàjámọ̀ ni bàbá mi ní Tudun Wada, irun kan kì í ṣẹ́ kù lójú ẹni tí wọ́n bá fá. Ṣùgbọ́n Kyauta, ẹṣin wọn kúkúrú, rí wúruwùru ní tirẹ̀: irun gígùn yọ yí ẹnu àti ojú rẹ̀ ká. Àwọn ará àdúgbò á ní, "Kai! Ẹṣin onígbàjámọ̀ ló nírùngbọ̀n!" Ojú á tì mí. Bí mo bá ní kí Bàbá gé e, wọ́n á ní, "Labibah, fi í sílẹ̀."

Bàbá kú ní oṣù méjì ṣáájú Iléyá. Mo ní ẹnikẹ́ni ò ní fi wọ́n rẹ́rìn-ín níbi àfihàn ẹṣin ọjọ́ Iléyá lọ́dún yìí. Mo mú kílípà wọn, mo fá ojú Kyauta kodoro. Ó dán bí ojú ọkọ ìyàwó.

Mo gbé omi síwájú rẹ̀. Ó forí sọ bọ́kẹ́ẹ̀tì. Ó tún wá omi náà, ó fi imú gbá ògiri. Mo ju ọwọ́ síwájú ojú rẹ̀, kò ṣẹ́jú. Subhanallah! Ẹṣin yìí ti fọ́jú tipẹ́. Irun yẹn ló fi ń mọ ibi tí nǹkan wà, Bàbá sì mọ̀.

Mo darí ẹnu rẹ̀ sínú omi. Kò mu ún. Ó gbóòórùn epo kílípà Bàbá lọ́wọ́ mi, ó na etí, ó sì yán, ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tí a ti sin Bàbá. Ó rò pé wọ́n ti dé.