Ìwọ̀n Mẹ́ta fún Màmá Tíṣà

Ọgbọ̀n ọdún ni Bàbá Oníbàtà ti ń rán bàtà fún àwọn tí ẹsẹ̀ wọn kò dọ́gba. Nígbà tí iṣẹ́ gbòòrò, tó gba òṣìṣẹ́ méje, kò sẹ́ni tó bèèrè ibi tí wọn yóò máa kọ ìwọ̀n ẹsẹ̀ oníbàárà sí. Bàbá ń kọ tirẹ̀ sínú ìwé kékeré kan, akọ̀wé ń kọ tirẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà, ẹni tó ń gé awọ sì ní tirẹ̀ nínú fóònù. Ọmọ Bàbá obìnrin, tó ń bójú tó ọ́fíìsì, sọ ọ́ títí pé kí wọ́n kó o pọ̀ sójú kan. Bàbá á rẹ́rìn-ín, á ní ohun tó wà nínú orí òun kò lè sọnù.

Màmá Tíṣà, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, ló jìyà rẹ̀. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún ẹsẹ̀ òsì rẹ̀, ó sì wá kí wọ́n tún ẹsẹ̀ náà wọ̀n. Akọ̀wé kọ ìwọ̀n tuntun sílẹ̀, àmọ́ ti àtijọ́ tó wà nínú fóònù ni ẹni tó ń gé awọ lò. Lọ́jọ́ kejì tí Màmá wọ bàtà náà, gìgísẹ̀ bàtà tó ga jù gbé e ṣubú lórí àtẹ̀gùn, ọrùn ọwọ́ rẹ̀ sì rọ́. Ilé ìwòsàn tó ń darí aláìsàn sí wọn gbọ́, wọ́n ní àwọn ò ní darí aláìsàn síbẹ̀ mọ́ ná.

Bàbá ò lè jẹun. Ọmọ rẹ̀ ò sọ pé ṣebí mo wí. Ó fà á lọ́wọ́, wọ́n jọ lọ bẹ Màmá, wọ́n sì jẹ́wọ́ fún un pé ibi mẹ́ta ni orúkọ rẹ̀ wà lọ́dọ̀ àwọn, pẹ̀lú ìwọ̀n mẹ́ta.

“Ẹ jókòó,” ni Màmá wí. “Ẹsẹ̀ méjì ni mo ní, ẹ wá fún mi ní mẹ́fà. Èwo ni kí n fi rìn?”

Ọ̀sẹ̀ méjì ni wọn ò fi gba iṣẹ́ tuntun. Bàbá ń ka ìwọ̀n inú ìwé àti fóònù, ọmọ ń tẹ̀ ẹ́ sójú kan nínú kọ̀ǹpútà. Nígbà tí wọ́n yọ orúkọ tí wọ́n kọ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ kúrò, oníbàárà tí wọ́n rò pé ó tó ẹgbẹ̀rún kò ju ẹgbẹ̀ta lọ. Bí wọ́n bá kan ẹni tó ti kú, Bàbá á sọ bí onítọ̀hún ṣe máa ń rìn. Ọmọ á gbọ́ ọ tán kó tó pa orúkọ náà rẹ́.

Àwọn oníbàárà kan lọ, wọn ò padà. Ilé ìwòsàn padà lẹ́yìn oṣù mẹ́ta. Màmá Tíṣà náà dé, ọwọ́ rẹ̀ ti san. Bàbá wọn ẹsẹ̀ rẹ̀, ó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀, ó ń fi ìka kan wá lẹ́tà kiri. Ó ń ṣe ọmọ rẹ̀ bíi kó gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀, àmọ́ ó ká ọwọ́ sẹ́yìn.

“Ẹ má kánjú, Bàbá mi,” ni ọmọ náà sọ. “Ojú ò kán wa.”