Ọkọ̀ Ọ̀sà ní Bẹ̀yẹ̀rúǹkà

Ta ló gbọ́ irú èyí rí, kí ọkọ̀ ojú omi gun lọ́rì wá sí Bẹ̀yẹ̀rúǹkà n'Ìbàdàn? Yẹ̀kínì ló dán an wò. Lórí ọ̀sà Ẹ̀pẹ́ ló ti ń fi ọkọ̀ náà kó ẹja gbígbẹ, kí ẹsẹ̀ irin tó ń yí omi ní ìdí rẹ̀ tó kọṣẹ́ lọ́dún 1964. Wọ́n ní kó wá mẹkáníìkì ní Ẹ̀pẹ́, ó ní àwọn tó ń tún lọ́rì ṣe n'Ìbàdàn ò lẹ́gbẹ́. Ọmọ Ìbàdàn kì í gbà fún ẹnìkan, ẹ ṣáà mọ̀ wọ́n.

Odidi ọdún kan ni ọkọ̀ fi jókòó sí àgbàlá, kò rẹ́ni tún un ṣe. Adìyẹ Àtọ́kẹ́, ìyàwó rẹ̀, ń yé sínú ẹ̀. Àwọn ará àdúgbò á ní ṣé odò Ògùnpa ló fẹ́ fi í là kọjá ni. Yẹ̀kínì á bá wọn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ bàjẹ́: bí ọkọ̀ yìí ò bá padà sómi, iṣẹ́ tó fẹ́ràn jù láyé parí nìyẹn.

Láàárọ̀ Àlàmísì kan, Hezekiah, mẹkáníìkì láti Òkè Bọ́lá, yẹ ọkọ̀ náà wò tán, ó nuwọ́ lákìísà, ó kọjú sí Yẹ̀kínì.

"Bàbá Sìdí, ẹ́ńjìnnì inú yìí ò níṣòro. Ẹsẹ̀ irin tó wà lẹ́yìn ni ìpatà ti jẹ tán, a ò sì rírú ẹ̀ rà. Ẹ jẹ́ ká yọ gbogbo ẹ̀, àti ẹ́ńjìnnì àti ẹsẹ̀, ká fi pákó tó nípọn dí ihò ìdí ọkọ̀, ká wá so ẹ́ńjìnnì kékeré mọ́ ẹ̀yìn. Ìyẹn, tó bá bàjẹ́, ẹ ó tú u gbé wálé ni. Ọkọ̀ ò ní gun lọ́rì mọ́."

"Kí n so ẹ́ńjìnnì mọ́dìí ọkọ̀ bí ẹni pọnmọ?" Yẹ̀kínì fapá jánú. "Ọkọ̀ á fìdí mumi!"

Ẹ̀rù ń bà á lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìgbéraga náà wà ńbẹ̀. Òun nìkan ló ní ẹ́ńjìnnì inú ọkọ̀ lórí ọ̀sà.

Àtọ́kẹ́ ń ṣa ẹyin nínú ọkọ̀, ó gbọ́. "Bàbá Sìdí, mo pọn Sìdí títí ó fi rìn. Ṣé mo ṣubú sẹ́yìn rí?"

"O ò ṣubú."

"Mò ń tẹ̀ síwájú díẹ̀ ni. Ẹ kó apẹ̀rẹ̀ ẹja síwájú ọkọ̀, kóun náà tẹ̀ síwájú."

Hezekiah bú sẹ́rìn-ín. "Ìyàwó yín gbaṣẹ́ lọ́wọ́ mi o! Bẹ́ẹ̀ gan-an ni wọ́n ń ṣe é."

Yẹ̀kínì wo ẹ́ńjìnnì náà títí. "Tá a bá wá yọ ọ́, kí la máa fi ojú ibẹ̀ ṣe?"

Àtọ́kẹ́ gbé igbá ẹyin sílẹ̀. Ohùn rẹ̀ rọ̀. "Ọdún mẹ́ta lẹ fi gbé ẹ́ńjìnnì káàkiri ọ̀sà, ẹ ò gbé mi rí. Ẹ ní kò sáyè. Èmi tí mò ń ta ẹja yín l'Ọ́jà'ba, n ò tíì fojú kan omi tí wọ́n ti ń pa á."

Ojú ti Yẹ̀kínì gan-an. Ó yíjú sí Hezekiah.

"Mú sípánà ẹ. Yọ ọ́. Kó o sì bá mi kan àga sójú ibẹ̀, èyí tó ṣeé fẹ̀yìn tì."

Àtọ́kẹ́ ò dúró gbọ́ tán. Ó ti ń lé àwọn adìyẹ jáde nínú ọkọ̀.