Àwòrán Táyé Tó Ní Imú

Ìyá Kẹ́hìndé fúnra rẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ sọ ọ́, á sì fọwọ́ gbá itan ńlá rẹ̀: "Èmi òpònú yìí náà ni mo gbé e fún wọn!" Lọ́dún tó wọ ṣọ́ọ̀ṣì ló fa ère ìbejì Táyé, ọmọ rẹ̀ tó kú, lé àwọn onílé ìṣẹ̀ǹbáyé lọ́wọ́ ní Ẹ̀fọ̀n. Nígbà tó tọrọ rẹ̀ padà, wọ́n ní ohun tó bá ti wọlé kì í jáde mọ́. Lẹ́yìn òmìnira, wọ́n tún apá kan ilé náà ṣe, wọ́n kó àwọn ère síbẹ̀. Ló bá gbé ọ̀dà àti búrọ́ọ̀ṣì tó fi ń kọ pátákó ìsọ̀ wá láti Aràmọ̀kọ́ níbi tó ń gbé, ó ní òun á ya àwòrán Táyé gbé lọ sílé.

Ó rìn káàkiri yàrá tuntun náà. Ọ̀dà ara ògiri ṣì ń rùn. Ó rí Táyé nínú gíláàsì, ọkàn rẹ̀ kò tilẹ̀ mì. Ó jókòó, ó ń yà á bí ẹni ń ya bàtà sí pátákó aránbàtà. Títí di ọ̀sán, omijé kò bọ́. Ebi ló ń pa á.

Ọládọ̀tun tó ń ṣọ́ yàrá náà wá wò ó.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Ìyá Ìbejì. Ó mà dáa o! Ṣùgbọ́n èyí tó wà nínú gíláàsì kò ní imú."

Lóòótọ́ ni. Ojú ère náà ti tẹ́ pẹrẹsẹ. Gbogbo ọdún tó fi ń wẹ̀ ẹ́, tó ń fi osùn pa á, tó ń fi ẹ̀wà kàn án lẹ́nu, ọwọ́ rẹ̀ ló pa imú náà rẹ́. Iṣẹ́ pátákó ti mọ́ ọn lára. Ibi tí imú yẹ kó wà, ó ya imú sí i.

Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín kò wá.

Ọládọ̀tun tún tẹjú mọ́ àwòrán náà. "Ìyá, ọmọ ta wá ni ẹ fẹ́ gbé lọ sílé yìí?"