Ẹ Jẹ́ Ká Kọ́kọ́ Kí Wọn Ná

Ọjọ́ tí ààrò tí wọ́n fi ń yan eyín àtọwọ́dá kú ní kọ́lẹ́ẹ̀jì wọn ni wàhálà bẹ̀rẹ̀. Ààrò kú, olùkọ́ kan ṣoṣo tó mọ̀ ọ́n tún ṣe náà kó ẹrù rẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ. Ni àwọn aláṣẹ bá pe gbogbo ọmọ tó ń kọ́ iṣẹ́ eyín jọ sí gbọ̀ngàn, wọ́n ní ẹ̀ka náà ti kógbá sílé. Kí kálukú wá kọ́lẹ́ẹ̀jì míì tí yóò gbà á sí ọdún ìparí kí sáà tuntun tó wọlé. Ẹni tí kò bá rí, ọdún méjì tó ti lò di afẹ́fẹ́. Wọ́n kí wọn kú ìrọ́jú, wọ́n sì pa iná gbọ̀ngàn kí àwọn ọmọ tó jáde tán.

Ọmọbìnrin kan wà láàárín wọn tí gbogbo ayé ń pè ní Eléyín. Kì í ṣe pé eyín rẹ̀ yọ síta o. Ọ̀rọ̀ eyín ni kì í kúrò lẹ́nu rẹ̀. Bí èèyàn bá rẹ́rìn-ín níwájú rẹ̀, eyín onítọ̀hún ló máa kọ́kọ́ yẹ̀ wò bí ẹni tó fẹ́ rà á. Ó lè fi ìda gbẹ́ eyín ńlá tó wà lẹ́yìn ẹnu títí dé orí ihò tí oúnjẹ máa ń há sí, kó sì gbé e fún ọ kí o máa wá ibi tí ó ti já kúrò lẹ́nu rẹ.

Lọ́dọ̀ àǹtí rẹ̀, àbúrò bàbá rẹ̀, ló ń gbé. Aránṣọ ni àǹtí yìí, ṣòkòtò ọkùnrin nìkan ló ń rán, kì í sì í fi orúkọ mọ oníbàárà. Bó ṣe wọ̀n wọ́n ló ṣe ń pè wọ́n: Ìbàdí Méjì, Onítan Kan Ju Kan Lọ, Ikùn Tún Ti Dé. Nígbà tí Eléyín délé tó rò fún un, tomijé-tomijé, ṣe ni obìnrin náà bú sẹ́rìn-ín.

"Ìyẹn lo wá ń sunkún sí? Kọ́lẹ́ẹ̀jì tó wà lódìkejì afárá ńkọ́? Ṣé wọn ò kọ́ iṣẹ́ eyín níbẹ̀ ni?"

"Wọ́n ń kọ́ ọ, Àǹtí. Mo fẹ́ lọ kan ilẹ̀kùn ọ̀gá tó ń gba ọmọ wọlé lọ́la."

"O fẹ́ kan ilẹ̀kùn ta ni? Ẹlẹ́sẹ̀ Gígùn ni ọ̀gá ibẹ̀! Láti ìgbà tí wọn ò tíì gbéyàwó ni mo ti ń rán ṣòkòtò fún wọn. Ọ̀rọ̀ ti bùṣe. Lọ bọ́jú, kí o fọkàn balẹ̀."

Ta ló máa gbọ́ bẹ́ẹ̀ tí ọkàn rẹ̀ ò ní balẹ̀? Àmọ́ Àǹtí ní bó ṣe ń bẹ èèyàn. Láyé rẹ̀, kò tọrọ nǹkan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni rí lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ wọlé onítọ̀hún. Lójú tirẹ̀, ẹni tó bá fi ẹ̀bẹ̀ pàdé èèyàn lẹ́nu ọ̀nà, alágbe ni. Ìwọ kọ́kọ́ lọ kí wọn ná. Jẹ́ kí kíkí náà wọ̀ wọ́n lára. Lọ lẹ́ẹ̀kejì, béèrè ọmọ, béèrè ìyàwó. Tó bá di ẹlẹ́ẹ̀kẹta, tí àwọn fúnra wọn bá tún bi ọ́ pé ǹjẹ́ kò sí nǹkan, o wá lè rẹ ohùn sílẹ̀, kí o ní ó wà o. Bó ṣe rí ṣọ́ọ̀bù nìyẹn, bó ṣe rí iná mànàmáná fà wọnú ṣọ́ọ̀bù nìyẹn. Kò já a kulẹ̀ rí.

Ó wá tún ṣòkòtò kan ṣe fún Ẹlẹ́sẹ̀ Gígùn lọ́fẹ̀ẹ́, ó gbé e lọ sí ọ́fíìsì wọn. Eléyín jókòó ti ẹ̀rọ ìránṣọ, ó ń wo títì. Nígbà tí àǹtí rẹ̀ dé, ẹ̀rín ló gbé wọlé.

"Kí ni wọ́n wí, Àǹtí?"

"Wọ́n ní itan rẹ̀ ò fún wọn mọ́."

"Ọ̀rọ̀ tèmi ńkọ́?"

"Tìẹ bí ti báwo? Ṣebí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kí wọn ni."

Kò pẹ́ sígbà yẹn ni ọmọ kíláàsì rẹ̀ kan tí wọ́n ń pè ní Kánjú yọ lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, tó ń mí hẹlẹhẹlẹ. "Eléyín, mò ń lọ sódìkejì afárá báyìí. Wọ́n ní àyè ò pọ̀. Dìde, ká jọ lọ."

Ọwọ́ ọmọbìnrin náà ti kan bàtà. Abẹ́rẹ́ kún ẹnu Àǹtí. Ó ń yọ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń to wọ́n sórí tábìlì, kò yára rárá.

"Kẹ́ ẹ jọ lọ síbo? Kó lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà wọn bí ọmọ tí kò lẹ́nìkan? Wọ́n á ní èmi ni mo rán an wá fi tipá gbà á. Gbogbo ohun tí mo ti ń to bọ̀, ó bàjẹ́ nìyẹn."

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kó kàn—"

"Ìwọ Kánjú yìí, jọ̀ọ́, bi ìyá rẹ bá mi: ṣé oyún rẹ pé oṣù mẹ́sàn-án ṣá?"

Eléyín rẹ́rìn-ín. Ìyẹn ló ń dùn ún jù títí dòní, pé òun rẹ́rìn-ín. Ahọ́n ọmọ yìí mú ju abẹ lọ, ó ti bú olùkọ́ rí, ó ti lé ọlọ́pàá kúrò níwájú ilé wọn rí; ṣùgbọ́n níwájú obìnrin tó mú un sọ́dọ̀ nígbà tí bàbá rẹ̀ kú, ṣe ni ahọ́n náà máa ń ká. Ó ju bàtà sílẹ̀.

"Máa lọ," ó wí fún Kánjú. "Wọ́n ń bá mi ṣe é."

Àǹtí tún lọ lẹ́ẹ̀kejì. Ó mú ìròyìn bọ̀ rẹpẹtẹ: ọmọ ọ̀gá ń wúkọ́, ìyàwó wọn rìnrìn àjò, ọ̀gá fúnra wọn sì ti sanra sí i nídìí.

"Wọ́n tilẹ̀ bi mí pé ṣé kò sí nǹkan."

Eléyín fò dìde. "Ẹ sì sọ fún wọn!"

"Mo ní kò sí o. Ṣé ojú ń kán mi ni? Ẹni tí wọ́n bi lẹ́ẹ̀kan tó yára dáhùn, wọ̀bìà ni wọ́n á pè é."

Ẹ bá mi wò ó! Ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ gbayawu, èèyàn dúró síwájú rẹ̀, ó ń juwọ́ sí i. Eléyín wọ yàrá lọ, ó fi ojú bo ìrọ̀rí, ó kígbe sínú rẹ̀ kí àǹtí rẹ̀ má bàa gbọ́.

Lẹ́ẹ̀kẹta, àwọn méjèèjì ni wọ́n jọ lọ. Ọ́fíìsì náà kò tóbi. Fáànù kan ń mi orí lórí kọ́bọ́ọ̀dù, bébà kún ilẹ̀, ẹsẹ̀ ọ̀gá sì yọ jáde lábẹ́ tábìlì títí dé ọ̀dọ̀ àlejò.

"Ìyá Aránṣọ! Ẹ tún ti dé? Ẹ mà fẹ́ràn mi o!"

Àǹtí kí wọn kú iṣẹ́, ó kí wọn kú ìtọ́jú ọmọ, ó béèrè ikọ́, ó béèrè ẹni tó rìnrìn àjò. Eléyín ń ka eyín ọ̀gá kí ó má bàa pariwo. Lẹ́yìn náà ni Àǹtí rẹ ohùn sílẹ̀.

"Nǹkan kékeré kan wà o, ọ̀gá."

Bó ṣe ń rò ó, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀rín ń kúrò lójú ọkùnrin náà. Ó fa ẹsẹ̀ rẹ̀ wọlé.

"Ọmọ yín ló ń kọ́ iṣẹ́ eyín? Kí ló dé tẹ́ ẹ ò sọ? Àyè mẹ́fà péré la ní. Nígbà àkọ́kọ́ tẹ́ ẹ wá, ẹnikẹ́ni ò tíì gba ọ̀kan. Nígbà kejì, ó ku ẹyọ kan. Mo sì bi yín o, Ìyá Aránṣọ! Mo ní ṣé kò sí nǹkan?"

"Ẹ bi mí, sà," ni Àǹtí wí. Eléyín ò gbọ́ irú ohùn yẹn lẹ́nu rẹ̀ rí.

Ọmọbìnrin náà bọ́ síwájú. "Ẹ jẹ́ kí n máa dúró sẹ́yìn, sà. Mi ò nílò àga."

"Kì í ṣe àga, ọmọ mi. Tábìlì iṣẹ́ ni, pẹ̀lú iná gáàsì tirẹ̀. A ò gbọdọ̀ fi ẹnì kan lé e."

"Tó bá dọdún tó ń bọ̀ ńkọ́?"

"Ẹni tó bá ṣì wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kan la lè gbà láti ibẹ̀. Tiyín á ti tìlẹ̀kùn nígbà yẹn." Ó nu ojú rẹ̀. "Àfi kí o tún ìdánwò àbáwọlé ṣe. Kí o bẹ̀rẹ̀ láti ọdún àkọ́kọ́."

Ká ní ìkà èèyàn ni, ìbá sàn. Èèyàn ìbá rí ẹni bú. Ọkùnrin náà sìn wọ́n dé ẹnu ọ̀nà, ó ń bẹ̀ wọ́n bí ẹni pé òun ló ṣẹ̀.

Nígbà tí wọ́n ń kọjá lójú fèrèsé yàrá iṣẹ́, Kánjú rí wọn, ó sáré jáde. Ìda wà léèékánná rẹ̀, inú rẹ̀ dùn dénú.

"Eléyín! Wọ́n ti bá ẹ ṣe é?"

"Wọ́n ti ṣe é," ó dá a lóhùn. "Wọ́n ti ṣe é tán."

Kánjú wo ojú rẹ̀, ó wo ti Àǹtí, ó padà sínú.

Lẹ́yìn géètì, Àǹtí dúró. "Ìyàwó wọn á dé lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Bá a bá kọ́kọ́ lọ kí i—"

"Àǹtí!"

Obìnrin náà fi ọwọ́ kan ògiri kúkurú tó wà níbẹ̀, ó sì rọra jókòó lé e.

"Ṣé èmi ni?"

Ọ̀pọ̀ irọ́ tó dáa ló wà nílẹ̀ tí èèyàn lè mú lò. Eléyín kò mú ọ̀kankan.

"Ẹ̀yin ni, Àǹtí. Èmi náà ni. Ẹsẹ̀ mi méjèèjì pé, mo wá jókòó."

Àǹtí mi orí. Àwọn ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní kíláàsì ń kọjá, wọ́n ń ti ara wọn, wọ́n ń sọ̀rọ̀ olùkọ́ kan láìdáa, ara wọn balẹ̀ bí ará ilé.

"Ìdánwò tí wọ́n sọ yẹn..." ni Àǹtí wí.

"Mi ò mọ̀, Àǹtí. Mi ò tíì mọ nǹkan kan."

Òjò ti ń kán. Eléyín na ọwọ́, ó fa àǹtí rẹ̀ dìde.