Kábà Ìrépé Àǹtí Ewusiwa

Bí ẹ bá fẹ́ mọ irú ìyà tó ń jẹ mí, ẹ bi mí pé kábà mélòó ni mo ti rán fún Àǹtí Ewusiwa láti ọdún mẹ́fà tí mo ti wà ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Mi ò lè kà á tán. Ẹ wá bi mí pé mélòó ló kù lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹyọ kan ni. Ẹyọ kan náà, ìbínú ni mo fi rán an.

Aba lorúkọ mi. Èmi ni télọ̀ bùtíìkì rẹ̀ nítòsí ọjà Kotokuraba, ní Cape Coast níbí. Ọmọlangidi méjì tí a ń fi aṣọ wọ̀ wà lójú fèrèsé wa, ṣùgbọ́n eruku nìkan ni wọ́n ń wọ̀. Àǹtí gbà pé aṣọ tí kò bá tíì jókòó, tí kò tíì gun àtẹ̀gùn, tí kò tíì bẹ̀rẹ̀ yan ẹja lọ́wọ́ ẹlẹ́ja, kò tíì di aṣọ. Nítorí náà, òun fúnra rẹ̀ ló ń wọ aṣọ tó ń tà kiri. Ọrùn rẹ̀ gùn, ó mọ ìrìn í rìn, Ọlọ́run sì fún un ní bàdí tí aṣọ máa ń gbọ́ràn sí lẹ́nu. Kó tó di ọ̀sán, obìnrin kan á ti dá a dúró pé èyí tó wà lọ́rùn rẹ̀ yẹn gan-an lòun fẹ́. Àǹtí ò ní jiyàn. Á wọ ẹ̀yìn kọ́tìnnì lọ, á bọ́ ọ fún un ní gbígbóná.

Kò mọ bí wọ́n ṣe ń sọ pé rárá. Ó ti bọ́ aṣọ tà nínú ọkọ̀ tó ń lọ sí Takoradi, tí obìnrin mẹ́ta na ìborùn yí i ká. Ó ti bọ́ ọ tà ní ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ ìkórè. Níbi òkú Egya Otoo, aṣọ dúdú tó wọ̀ lọ bá wọn kẹ́dùn, opó gan-an ló rà á. Mo wà níbẹ̀, mo rí i, ẹnu mi ò sì lè padé.

Ojoojúmọ́ ló máa ń wà lẹ́yìn kọ́tìnnì láìlẹ́wù, tí á máa pè mí pé kí n wá nǹkan tóun máa wọ̀ lọ sílé. Nígbà tó sú mi, mo kó gbogbo ìrépé abẹ́ máṣíìnì mi jọ, mo rán wọn pọ̀ láìwo àwọ̀, láìwo ojú aṣọ. Apá kan pupa, èkejì jẹ́ àwọ̀ ewé, léèsì wà láyà, ànkárá ẹlẹ́yẹ wà lẹ́yìn. Mo ní kí ojú lè tì í ni. Ojú ò tì í. Ó wọ̀ ọ́, ó na apá méjèèjì sókè, ó ní kò fún òun lábíyá. Láti ọjọ́ náà, kábà ìrépé yẹn kì í kúrò nínú báàgì rẹ̀. Gbogbo òpópónà wa ló mọ̀ ọ́n mọ́ ọn nírọ̀lẹ́.

Nígbà tó di oṣù tó kọjá, ó sọ fún mi pé Kojo Essilfie, ọkùnrin tó ń tún fíríìjì ṣe ní ìkángun òpópónà wa, máa kó àwọn ẹbí rẹ̀ wá kan ilẹ̀kùn láti tọrọ òun ní ọjọ́ Sátidé. Ọdún méjì ni wọ́n ti fi ń kí ara wọn nírọ̀lẹ́ kí ìkíni tó wá di ọ̀rọ̀. Ọmọ ọdún méjìdínlógójì ni Àǹtí, ó sì ti ń sọ pé òun ò retí ẹnikẹ́ni mọ́. Inú mi dùn. Mo bi í pé kí ló fẹ́ wọ̀. Ló bá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ṣọ́ọ̀bù.

"Aba, mo ti wọ aṣọ gbogbo ayé," ó ní, "mi ò mọ èyí tó jẹ́ tèmi."

Mo bi í bóyá gígùn ló fẹ́ràn tàbí kúkúrú. Ó ní gígùn ló máa ń tà lásìkò òjò. Mo bi í ní ti àwọ̀, ó ní àwọn olùkọ́ máa ń ra búlúù. Àánú rẹ̀ ṣe mí, èmi tí àánú kì í tètè ṣe. Mo mú kó fi orúkọ ìyá rẹ̀ búra pé ohun tí mo bá rán fún Sátidé yìí kò ní kúrò lọ́rùn òun.

Mo rán búlúù. Lọ́jọ́rú, bó ṣe dúró níwájú dígí tó ń dán an wò, ni Maame Dadzie, ọ̀gá ilé ìwé àwọn ọmọbìnrin, wọlé. Búlúù lọ. Èkejì jẹ́ aláwọ̀ ìyeyè, ilé mi ni mo ti rán an, inú ọ̀rá dúdú ni mo fi gbé e lọ sílé rẹ̀ lọ́jọ́ Ẹtì. Mo kìlọ̀ fún un pé kó má ṣílẹ̀kùn. Ó ní kí òun kàn wọ̀ ọ́ jókòó díẹ̀. Aládùúgbò rẹ̀ wá tọrọ iyọ̀, ó sì gbé kábà lọ. Kò tilẹ̀ rántí gba iyọ̀ náà.

Láàárọ̀ Sátidé, mo mú ẹlẹ́ẹ̀kẹta ní ṣọ́ọ̀bù, mo wọ̀ ọ́ sí i lọ́rùn fúnra mi, mo dì í lọ́wọ́ mú bí ẹni mú olè. Èmi náà ti wọ kábà aláwọ̀ wáìnì tí mo rán fún ara mi, àkọ́kọ́ irú rẹ̀ láti ọdún méjì. Ẹni tó ní òun máa dáṣọ fún ni, ti ọrùn rẹ̀ là á kọ́kọ́ wò. A ò kọjá ìsọ̀ oníkẹ́ńkẹ́. Mo kàn yíjú láti ra oúnjẹ àlejò ni o. Ìgbà tí mo fi padà wò ó, ó ti wà lẹ́yìn ìkòkò kẹ́ńkẹ́, kábà ìrépé ti wà lọ́rùn rẹ̀, oníkẹ́ńkẹ́ sì ń wo ara rẹ̀ nínú ìdérí ìkòkò.

Mo gbá a lọ́wọ́ mú, a sáré lọ. Nígbà tá a fi máa dé ilé Àǹtí, ọkọ̀ àwọn àna ti wà níbẹ̀. Kò sí ààyè pàṣípààrọ̀ kankan mọ́. Àǹtí bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún lẹ́yìnkùlé, ó ní wọ́n máa sọ pé asínwín ni wọ́n wá fẹ́. Mo fi etí ìborùn mi nù ún lójú, mo sì tì í wọlé, torí wọ́n ti ń pè é.

Ọtí ṣìnáàpù méjì wà lórí tábìlì. Àbúrò bàbá Kojo lobìnrin, Maame Arhin, ló jókòó síwájú bí agbẹnusọ wọn. Egya Kwamena, ẹ̀gbọ́n ìyá Àǹtí lọ́kùnrin, ló ń sọ̀rọ̀ fún wa. Bí Àǹtí ṣe wọlé, Maame Arhin dìde, ó yí i po lẹ́ẹ̀kan, ó wo apá pupa, ó wo apá àwọ̀ ewé, ó wo àwọn ẹyẹ ẹ̀yìn rẹ̀.

Ó ní, "Òun náà nìyí. Kojo sọ fún wa pé gbogbo àwọ̀ ayé ló wà lára rẹ̀."

Àṣé ìrọ̀lẹ́ nìkan ni ọkùnrin yìí máa ń rí i. Kò rí búlúù rí, kò rí ìyeyè rí. Obìnrin tó wọ kábà ìrépé ló fẹ́. Kojo jókòó síbẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín bí ọmọ tí wọ́n fún ní ẹran.

Maame Arhin kò jókòó. Ó fi ìka pa apá kábà náà wò. "Ìyàwó wa, èló lèyí?"

Mo mọ ojú yẹn, mo sì rí ọwọ́ Àǹtí tó ti ń lọ sí ibi sípì. Egya Kwamena dijú.

Ọwọ́ Àǹtí dúró síbẹ̀. Ó wo apá kábà náà bí ẹni pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rí i.

"Maame, ẹ má bínú," ó ní. "Tèmi nìyí. Mi ò tà á."

Maame Arhin ní òun á fi ìlọ́po méjì rà á. Àǹtí mi orí pé rárá. Egya Kwamena yára bi Àǹtí ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ta bó ṣe yẹ, pé ṣé káwọn gba ọtí yìí, ó sì dáhùn ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ta pé kí wọ́n gbà á. Omi bọ́ lójú mi. Ẹ má sọ fún un.

Ọwọ́ mi ṣì wà lójú tí mò ń nù ún ni mo gbọ́ ohùn Maame Arhin nítòsí mi. Ó ń wo kábà aláwọ̀ wáìnì.

"Èyí náà dára. Èló lèyí?"

Mo la ẹnu láti sọ pé kì í ṣe títà.

"Irínwó sídì, Maame," Àǹtí Ewusiwa ti dáhùn. "Télọ̀ mi ló rán an. Aba, rìn díẹ̀ kí wọ́n wò ó."

Kọ́tìnnì pálọ̀ ni mo ró jẹ kẹ́ńkẹ́ àti ẹja lọ́jọ́ náà.